Omi Abẹ́ Àpáta ní Abẹ́òkúta: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Lu Bọ́ọ̀hóòlù àti Ẹni Tó Ti Lù Ú

Ṣé odò kan ń ṣàn lábẹ́ Abẹ́òkúta ni?

Rárá o. Èrò yìí ló ń ti ọ̀pọ̀ onílé sí gbèsè: wọ́n gbà pé bí a bá ṣáà ti lu ilẹ̀ jìn tó, a ó bá odò pàdé nísàlẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ìlú wa ni àpáta ògbólógbòó, ìbátan èyí tó yọrí síta ní Olúmọ, òkúta dídì tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní gíránáìtì àti náìsì. Bí irú àpáta bẹ́ẹ̀ bá dá ṣáká, omi kò ríbi wọ̀ nínú rẹ̀. Ibi méjì péré ni omi ń fara pamọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni ìpele òkúta tó ti rà: òjò àti ooru àìmọye ọdún ti jẹ àpáta náà láti òkè wá títí ó fi di amọ̀ àti iyanrìn, omi sì ń rìn nínú rẹ̀ bó ti ń rìn nínú kànrìnkàn. Èkejì ni ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti sán, tí omi ń gba ojú sísán náà kọjá. Bí ìpele tó rà bá nípọn, tó sì jókòó lé ibi tí àpáta ti sán, ẹni tó ni ilẹ̀ náà ríre. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà, omi lè wà ṣùgbọ́n kò ní pọ̀. Bí kò bá sí ìkankan, omi táńkà ló kù.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ìpele iyanrìn kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ Abẹ́òkúta pè, tó sì ń gba omi dáadáa, ṣùgbọ́n ìhà gúúsù ló pọ̀ sí, lójú ọ̀nà Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta fún sìmẹ́ǹtì. Ìtàn bọ́ọ̀hóòlù tí ará Ewékorò bá sọ kò lè bá ti ẹni tó ń gbé ní Aké mu.

Kí ló dé tí aládùúgbò mi rí omi, tí èmi sì rí eruku?

Nítorí pé sísán àpáta kì í tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Ó dà bí ìlà tó fọ́ sára igbá: ó lè gba abẹ́ ilé ìdáná aládùúgbò yín kọjá, kó sì dagun lọ síbòmíràn kó tó dé ọgbà yín. Ìpele tó rà náà kì í nípọn bákan náà. Ó lè tó mítà 20 lápá kan, kí àpáta sì yọrí síta ní ojúlé kẹta.

Èmi tí mò ń kọ èyí mọ̀ ọ́n lára. Ní Ọbáńtokò tí mò ń gbé, ilé tó kọjú sí tèmi rí omi ní mítà 38, èmi lu mítà 70, eruku funfun bí ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń tú jáde títí tí wọ́n fi pa ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mi lù ú ní òun mọ gbogbo àdúgbò náà bí ẹní mowó, n kò sì béèrè ìwé àyẹ̀wò kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò ilẹ̀ tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe kò ná tó ìdá mẹ́wàá owó tí mo sọ sínú ihò yẹn.

Òjò ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí ló wá dé tí omi fi ń wọ́n ní oṣù Kejì?

Òjò tó ń rọ̀ fún wa lọ́dún tó nǹkan bí mìlímítà 1,200, ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Láti oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ gba ipò, ilẹ̀ kò sì rí nǹkan mu mọ́. Nínú òjò tó rọ̀ pàápàá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú wa ń sáré gbé púpọ̀ lọ sínú Odò Ògùn, oòrùn àti ewéko ń gba púpọ̀ padà sójú ọ̀run, díẹ̀ ló ń wọlẹ̀ dé ibi tí kànga ti ń fà á.

Àpò tí àpáta fi ń tọ́jú díẹ̀ náà kéré. Ìdí nìyí tí kànga àtijọ́ ní àwọn àdúgbò bí Ìtòkò fi máa ń kún dé etí nígbà òjò, tí a ó sì máa fi ìdí korobá họ ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ẹ tún fiyè sí i pé òjò àkọ́rọ̀ kì í gbé omi kànga sókè lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin yóò kọ́kọ́ pa òùngbẹ tirẹ̀ ná.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀, ẹni tó ń lu bọ́ọ̀hóòlù àbí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò?

Ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò ni, ó sì dára kí ó máà jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹni tó fẹ́ lù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrìn: yóò wo ibi tí àpáta ti yọrí, yóò béèrè bí kànga àwọn tó yí yín ká ṣe jìn tó àti oṣù tí wọ́n ń gbẹ, yóò sì wo àwòrán ilẹ̀ láti òfurufú bóyá ìlà gbọọrọ kan wà tó jọ ojú sísán. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà tó gún, irú ètò tí wọ́n ń pè ní Schlumberger. Yóò rán iná bátìrì gba inú irin méjì tó wà lóde, yóò sì fi irin méjì ti inú ka bí ilẹ̀ ṣe ń kọ iná náà tó. Bó bá ti ń fa irin òde jìnnà síra wọn ni iná náà ń wọlẹ̀ jìn sí i, tí ó sì ń mú ìròyìn ìpele ìsàlẹ̀ wá.

Àpáta dídì ń kọ iná gan-an. Iye tí ẹ̀rọ yóò kà lórí rẹ̀ ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù-mítà, ìyẹn òdiwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń kọ iná tó. Ilẹ̀ tó ní omi ń gba iná láyè. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: amọ̀ náà ń gba iná láyè, bẹ́ẹ̀ amọ̀ ń mu omi ni, kì í fẹ́ pọ̀ ọ́. Iye tó kéré jù lórí ìwé lè jẹ́ amọ̀ lásán, iye tó wà láàárín ni iyanrìn tó ń tú omi sílẹ̀ sábà máa ń ní. Nítorí náà, ẹ má gba ìwé tó kàn kọ "omi wà" fún yín. Ẹ béèrè bí ìpele tó rà ṣe nípọn tó, ibi tí ó fura sí pé àpáta ti sán, ibi méjì ó kéré tán tí ó yàn ní ẹsẹẹsẹ, àti ibi tí kò gbà yín níyànjú láti lù.

Ẹni tó ń fi ẹ̀ka igi wá omi ńkọ́?

Níbi tí ìpele tó rà bá nípọn káàkiri, ibikíbi tó bá tọ́ka sí ni omi díẹ̀ yóò ti jáde, ẹ ó sì yìn ín. Níbi tí àpáta bá sún mọ́ ojú ilẹ̀, ẹ̀ka igi kò ní sọ bí omi náà yóò ṣe pọ̀ tó.

Kí ni kí n máa wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lù ú?

Ẹ má jókòó sí pálọ̀. Ẹ tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo sílẹ̀ nítòsí, kí ẹnìkan máa bu ẹ̀kúnwọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń tú jáde ní mítà kọ̀ọ̀kan, kó sì máa tò ó ní òkìtì kéékèèké lẹ́sẹẹsẹ. Ilẹ̀ pupa ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà amọ̀ tó ní àwọ̀ eérú tàbí funfun, lẹ́yìn náà iyanrìn ṣàkàṣàkà tó ń dán yinrin nítorí ègé máíkà inú rẹ̀. Ibi iyanrìn yìí, lókè àpáta gan-an, ni omi ìpele tó rà ti máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí ó bá kan àpáta dídì, ìró ẹ̀rọ yóò yí padà, eruku gbígbẹ yóò gba ojú ọ̀run. Bí eruku náà bá dédé di ẹrẹ̀, tí omi sì ń ta jáde, ó ti kan ojú sísán: ẹ kọ ìjìnnà rẹ̀ sílẹ̀, ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ wọn ọ̀pá ẹ̀rọ kan, kí ẹ sì máa ka iye ọ̀pá tó wọlẹ̀ fúnra yín, torí iye mítà ni ẹ ó sanwó fún. Lẹ́yìn lílù, ẹ rí i pé wọ́n fi páìpù tó lójú sí ibi tí omi wà gan-an, pé wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí àyíká páìpù lókè kí àgbàrá má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, pé wọ́n sì fẹ́ ihò náà títí omi fi mọ́ gaara. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n sábà ń fi ìkánjú ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Bí omi kò bá yọ, ṣé kí wọ́n máa lù ú jìn lọ?

Kò kọjá ibì kan. Bí a bá ti ń jìn sí i ni ìwúwo ilẹ̀ ń pa ojú sísán dé. Lórí àpáta bíi tiwa, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀hóòlù tó dára kì í ju mítà 40 sí 80 lọ. Bí ẹ bá ti lu ọgbọ̀n mítà nínú àpáta gbígbẹ láìsí ìyípadà kankan, ibòmíràn tí ìwé àyẹ̀wò yàn ló yẹ kí owó yín lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ iye omi tí yóò máa fún mi?

Omi tó ń ta gìrìgìrì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ fà á wò. Ẹ wọn ibi tí omi dúró sí kí pọ́ńpù tó ṣiṣẹ́, ẹ tan pọ́ńpù, kí ẹ sì máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní wákàtí-wákàtí. Garawa olílítà 20 àti fóònù tó ń ka àkókò tó láti mọ bí omi ṣe ń yára jáde. Bí garawa bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 25, ó ń fún yín ní 0.8 lítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó jẹ́ 2,880 lítà ní wákàtí kan. Fún bọ́ọ̀hóòlù orí àpáta, èyí kò burú rárá.

Ṣùgbọ́n iye tí ó sọ̀ kalẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Bí omi bá kúrò ní mítà 9, tó dúró sí mítà 14, tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá bọ́ sí mítà 33, tó sì ń lọ síwájú, ohun tí ẹ ń fà ni omi inú páìpù àti ti ìtòsí rẹ̀. Kò tíì sí ẹ̀rí pé àpáta ń dá a padà. Ẹ pa pọ́ńpù náà, kí ẹ sì máa wọn bó ṣe ń gòkè padà, nítorí ìpadàbọ̀ omi ń sọ púpọ̀ nípa àpò tó wà níta ihò. Fún bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò, wákàtí 24 ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi fà á. Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ló sì yẹ kí ẹ ṣe é, nítorí bọ́ọ̀hóòlù tí a dán wò ní oṣù Kẹsàn-án ń parọ́ láìmọ̀.

Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ mi, ṣé kò ní tó ìdílé mi?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iye tí mo fẹ́ lò jẹ́ àpẹẹrẹ, tiyín lè yàtọ̀. Ká ní omi kànga yín ń gòkè ní mítà 3 láti òpin ẹ̀ẹ̀rùn sí òpin òjò. Kì í ṣe mítà 3 omi gidi ni, torí iyẹ̀pẹ̀ ló gba àyè tó pọ̀ jù. Bí àyè tó ń tú omi sílẹ̀ bá jẹ́ 3 nínú 100, ohun tí òjò fi kún un jẹ́ mìlímítà 90. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ mítà 18 sí 36, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 58,000 lítà lọ́dún. Ìdílé ẹni mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo 50 lítà lóòjọ́ yóò lo 109,500 lítà lọ́dún.

Ó túmọ̀ sí pé ohun tí òjò ń dá padà sábẹ́ púlọ́ọ̀tì yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ohun tí ẹ ń fà lọ. Ìdajì tó kù ń ti abẹ́ ọgbà ẹlòmíràn wá. Ẹni tó ra bọ́ọ̀hóòlù ra ihò. Omi inú rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló jọ ń fi páìpù kan mu ún. Nígbà tí ojúlé mẹ́fà bá wá lu bọ́ọ̀hóòlù mẹ́fà lórí ojú sísán kan ṣoṣo, ẹni tó jìn jù lọ ni yóò kẹ́yìn gbẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà míràn wà tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ìṣírò náà wò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé iyọ̀ ló ń jẹ́rìí. Òjò máa ń gbé iyọ̀ díẹ̀ wá; oòrùn àti igi ń gba omi padà, wọn kì í gba iyọ̀. Bí iyọ̀ kílóráìdì inú òjò bá jẹ́ mílígíráàmù 1 nínú lítà, tí ti inú kànga sì jẹ́ 20, ìdá kan nínú ogún òjò ló wọlẹ̀: nínú 1,200, mìlímítà 60. Ọ̀nà yìí dára fún ilẹ̀ oko bíi ti apá Àlàbàtà. Láàárín ìlú, irọ́ ni yóò pa, nítorí ìtọ̀ àti omi ilé ìwẹ̀ ń fi iyọ̀ tiwọn kún un.

Kí n tó kúrò lórí ìṣírò: òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun-mẹ́rin 150 ń gba 180,000 lítà òjò lọ́dún. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá ṣòfò, 144,000 ló kù. Òrùlé yín ń rí omi ju ilẹ̀ yín lọ.

Báwo ni mo ṣe lè máa ṣọ́ omi bọ́ọ̀hóòlù mi?

Ẹ wá okùn ìwọ̀n onírin, ẹ so nǹkan wúwo kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹfun pa mítà kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan pọ́ńpù, títí ìdí rẹ̀ yóò fi kan omi, kí ẹ ka ìwọ̀n tó wà ní ẹnu páìpù, kí ẹ sì fà á sókè. Ibi tí ẹfun ti tutù, tí ó ti dúdú díẹ̀, ni omi dé. Ẹ yọ gígùn ibi tó tutù náà kúrò nínú ìwọ̀n ẹnu páìpù: ìjìnnà omi nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ìwé kíkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó, bí ọjọ́, ìwọ̀n, àti òjò bá wà nínú rẹ̀.

Ihò mi tó gbẹ yẹn ni mo ń wọ̀n báyìí. Omi kékeré kan rọra sun sínú rẹ̀ láti inú ìpele òkè, kò tó fà, ṣùgbọ́n nítorí pé pọ́ńpù kankan kò sí nínú rẹ̀, òun ló ń sọ ipò omi àdúgbò gan-an.

Ohun tí ẹ ń wá nínú ìwé náà kì í ṣe ìlọsílẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn ti di àṣà. Ẹ fi oṣù Kẹta ọdún yìí wé oṣù Kẹta èṣí. Bí ó bá ń rẹlẹ̀ sí i lọ́dọọdún bí òjò kò tilẹ̀ dín, ẹ ń ná ojú owó.

Kí ló ń jó pọ́ńpù mi?

Pọ́ńpù tó lágbára ju bọ́ọ̀hóòlù lọ ni. Ó fa omi tán, ó ń fa afẹ́fẹ́, ó jó. Ẹ ra èyí tó bá iye tí ẹ wọ̀n mu, kí ẹ fà á fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ sinmi, kí táǹkì gba ìyókù. Ìjìnnà ojú sísán tí mo ní kí ẹ kọ sílẹ̀ wúlò níhìn-ín: ẹ má jẹ́ kí omi sọ̀ kalẹ̀ kọjá rẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá wọ ojú sísán, irin inú omi yóò di ìpẹtà, yóò sì dí i díẹ̀díẹ̀.

Ṣé omi inú àpáta mọ́?

Ó lè mọ́ lójú, kó má mọ́ nínú. Ìpele tó rà máa ń sẹ́ ìdọ̀tí bí ó bá nípọn, ṣùgbọ́n ojú sísán kì í sẹ́ nǹkan kan; ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lókè yóò sáré dé ìsàlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ pé kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣókàwéè. Lórí púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 18, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó le, pàápàá nígbà tí ṣókàwéè aládùúgbò wà lẹ́yìn ògiri. Nítorí náà ẹ gbé kànga sí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ṣókàwéè wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè yìí fún omi mímu, NIS 554, gba náítíréètì (èròjà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ máa ń fi sínú omi) tí kò ju mílígíráàmù 50 nínú lítà, irin tí kò ju 0.3, kò sì gba kòkòrò ìgbẹ́ kankan nínú mílílítà 100.

Àdúgbò aláró nílò àfikún ìṣọ́ra. Eérú àti ẹlú làwọn ìyá wa fi ń ṣe aró; èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí ní kósítíìkì sódà nínú, ó sì ń lo omi púpọ̀ láti fi ṣan aṣọ. Ẹ má ṣe da omi aró sínú kànga tí a ti pa tì. Kànga tí a pa tì ni ẹnu ọ̀nà tó yá jù lọ sínú omi tí gbogbo yín ń mu.

Kí ni àwọn ìlú tó gbẹ ju tiwa lọ ń ṣe?

Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà, jókòó lórí àpáta tó sán bíi tiwa, òjò ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 360 lọ́dún. Láti 1968 ni wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ìlú náà ṣe di omi mímu. Nígbà tí adágún bá kún, wọ́n ń tún omi rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń tì í padà sínú àpáta gba inú bọ́ọ̀hóòlù, nítorí oòrùn kò lè rí i mu níbẹ̀, wọ́n á wá fà á lọ́dún tí òjò bá kọ̀.

A kò tíì nílò èyí tó tó bẹ́ẹ̀. Ìdídò Ọyán tí wọ́n ṣí ní 1983 ń tọ́jú omi fún àwa àti Èkó. Ohun tó wúlò fún wa níbẹ̀ ni àṣà fífi omi pamọ́ sínú àpáta. Ẹ lè darí omi òrùlé tí a ti sẹ́ sínú kànga àtijọ́ tó mọ́, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ òrùlé. Omi ojú títì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láé. Ẹ má sì fi kọnkéré tẹ́ gbogbo àgbàlá.

Ta ló ni omi náà lábẹ́ òfin?

Òfin omi ti 1993 fi àṣẹ lórí omi abẹ́ ilẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì gbà fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láti fa omi abẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ilé, ẹran ọ̀sìn àti oko tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa tà á kò sí lára àwọn wọ̀nyí.

Àdúgbò wa fẹ́ ṣe é pọ̀. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kan: orúkọ ojúlé, ìjìnnà kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù, oṣù tó ń gbẹ, ibi tí ṣókàwéè wà. Ẹ yan kànga kan tí ẹnikẹ́ni kò fà mọ́ fún ìwọ̀n, kí ọ̀dọ́ méjì máa gba ara wọn lọ́wọ́, torí ẹnìkan ṣoṣo yóò rìnrìn àjò. Kí ẹ tó gbà kí ojúlé tuntun lu tirẹ̀, ẹ tan bọ́ọ̀hóòlù tó sún mọ́ ibẹ̀ jù fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹ sì wọn bóyá omi inú àwọn kànga tó yí i ká ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀, àpò kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Ẹ fà ìlà láàárín wọn lórí ìwé yẹn.